Bí Òkun Ṣe Gba Ṣòkòtò Lọ́wọ́ Ọmọ Obòkun

Ní agbo ilé wa ní Iléṣà, n kò lè sọ pé mo fẹ́ lọ wẹ̀ kí ẹnì kan má dáhùn láti inú yàrá pé, "Tíṣà, ẹ di ṣòkòtò yín mú o." Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ pàápàá ti mọ̀ ọ́n sọ. Mo rò pé ó sàn kí n fi ẹnu ara mi ròyìn rẹ̀, nítorí bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò bàbá mi, wọn yóò ní ìhòòhò goloto ni mo wà, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀ tán.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó gbé mi dé orílẹ̀-èdè Gáńbíà, lábẹ́ ètò Technical Aid Corps tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1987, èyí tí wọ́n fi ń rán àwọn olùkọ́, dókítà àti onímọ̀ mìíràn lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 ní ilẹ̀ Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, Serekunda ni mo sì ń gbé. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, olùkọ́ tí kì í rẹ́rìn-ín ni mí. Ìlà áyọ́ọ̀nù ara ṣòkòtò mi a máa mú bí abẹ, ọmọ tí kò bá sì ki ẹ̀wù rẹ̀ bọ inú ṣòkòtò kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì mi. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé, ti òkun ni. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ilé-Ifẹ̀ tí ó ń kọ́ wọn ní Jọ́gíráfì, a máa wọ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní gelegele lọ sí Tanji, ìlú àwọn apẹja, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń wọ inú omi lọ pàdé ọkọ̀, tí wọ́n á gbé ẹja sínú abọ́ lé orí, tí èéfín ẹja yíyan á sì bo gbogbo etí òkun mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, iṣẹ́ wà lọ́rùn mi. Kí n tó kúrò nílé ni bàbá mi ti gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 5 lé mi lọ́wọ́, tí wọ́n ní kí n bu omi òkun wá fún àwọn. Ìtàn sọ pé nígbà tí ojú Odùduwà fọ́, omi òkun ni Ifá ní kí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Ajíbógun ni ó lọ bù ú wá, ọ̀nà sì jìn débi pé kí ó tó padà dé, àwọn tí ó jókòó sílé ti pín ogún tán. Ibẹ̀ ni ọba wa ti gba orúkọ Ọwá Obòkun. "Ìwọ ni yóò ṣe ìkejì Ajíbógun," ni bàbá mi wí, bí ẹni pé àná ni Ajíbógun lọ. "Má sì bu èyí tí ń hó létí wá fún mi. Wọ inú rẹ̀ dé itan." Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná, ilé ni ọmọ Ọwá ti ń múná roko, ilé ni èmi náà ti gbé kẹ́ẹ̀gì ròkun.

Omi tí a bá ń wọ̀ dé itan kò ṣeé fi ṣòkòtò gígùn wọ̀. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, tí wọ́n fi ọ̀dà aláràbarà kùn, wà lórí iyanrìn gbígbẹ, ó dẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí ń sùn, òkun sì jìnnà sí i tó ogún ìgbésẹ̀. Mo bọ́ ṣòkòtò mi, mo ká a tẹ̀lé ìlà rẹ̀, mo sì tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́ sórí pákó ìjókòó ọkọ̀ náà pẹ̀lú fóònù àti kọ́kọ́rọ́ ilé nínú àpò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni èmi fi mọ omi ní kékeré: orí òkè ni ó ti ń já wá, ìsàlẹ̀ ni ó ń lọ, bí ó bá sì ti lọ, ó lọ nìyẹn. Níbo ni ọmọ Iléṣà ti fẹ́ mọ̀ pé omi kan wà láyé tí ó máa ń jáde lọ ní òwúrọ̀ tí ó sì máa ń padà wálé ní ọ̀sán?

Mo bu omi mi, kẹ́ẹ̀gì kún. Ẹ̀wù mi gùn, ṣòkòtò péńpé sì wà nídìí mi, mo wá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà kan kí atẹ́gùn fẹ́ sí mi díẹ̀. Atẹ́gùn òkun kò mọ díẹ̀. Nígbà tí mo la ojú, òkun ti dé ibi tí mo fi ọkọ̀ sí, ọkọ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Mo sáré lọ bá ọ̀rẹ́ mi. Mo bá a pẹ̀lú eegun ẹja lásán nínú àwo, nítorí ó ti jẹ tirẹ̀, ó sì ti jẹ tèmi mọ́ ọn. Àwọn tí ó jókòó sílé tún ti pín ogún. Òun ni ó wá ń ṣàlàyé fún mi, pẹ̀lú sùúrù olùkọ́, pé òkun máa ń kún fún bí wákàtí 6, ó sì máa ń fà fún bí wákàtí 6, pé òṣùpá ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ń fà á bẹ́ẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi ní òwúrọ̀. Ó ní òun rò pé ọmọ Obòkun ni mí.

A fi fóònù rẹ̀ pe tèmi. Ó dún, wọ́n gbé e, ọkùnrin kan sì fi èdè Wolof kí mi dáadáa láàárín ariwo ẹ́ńjìnnì àti ìgbì. Ìyá ẹlẹ́ja kan bá wa gbọ́ ọ: àwọn apẹja náà ti dé ojú omi kí wọ́n tó rí ṣòkòtò, wọn yóò padà ní ìrọ̀lẹ́, kí n má ṣe bínú. Ìyá náà wo ẹsẹ̀ mi, àánú mi ṣe é, ó sì tú ìró kan tí ó ń run ẹja yíyan fún mi.

Bàbá tí ó bí bàbá mi, òṣómàáàló ni. Aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn káàkiri, ọjọ́ owó bá sì pé, wọ́n á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní òṣó ni àwọn yóò máa ló títí àwọn yóò fi gba owó àwọn. Mo ró ìró mi, mo gbé kẹ́ẹ̀gì sí ẹ̀gbẹ́, mo sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà òkun. Bí mo ti wà níbẹ̀ ni àwọn ọmọ kíláàsì mi mẹ́ta tí ìyá wọn rán wá ra ẹja yọ sí mi. Wọ́n dúró, wọ́n kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wo ìró náà, ó wo ojú mi, ó sì rọra ki ẹ̀wù tirẹ̀ bọ inú ṣòkòtò.

Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ọkọ̀ tó dé. Fóònù àti kọ́kọ́rọ́ mi wà nínú fìlà ọ̀gá wọn láìfarapa. Ṣòkòtò náà ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀: ihò kan ṣí ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀ nígbà tí wọ́n wà lójú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ni wọ́n sì fi dí i títí wọ́n fi padà sí èbúté. Wọ́n dúpẹ́ púpọ̀, wọ́n fún mi ní ẹja mẹ́ta. Lára ẹsẹ̀ ṣòkòtò kejì, ìlà áyọ́ọ̀nù mi ṣì wà níbẹ̀ gbọọrọ.

Nígbà tí mo dé Iléṣà, bàbá mi bu omi náà bọ ojú, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ pé. Mo wá ròyìn ṣòkòtò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí omi òkun àti omijé fi dàpọ̀ lójú wọn, wọ́n ní Ajíbógun bu omi láwìn nígbà náà lọ́hùn-ún, òkun sì ti ń wá ẹni tí yóò gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà náà. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì sókè, wọ́n mì ín wò, wọ́n ní ó kéré, kí n padà lọ bù sí i.

Mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé ṣòkòtò ta ni kí n wọ̀ lọ.