Ìṣẹ́jú Àáyá 49.10 Tí Falilat Ògúnkọ̀yà Sá

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè eré ìje tí ó jọ mí lójú jù nínú gbogbo èyí tí ọmọ Nàìjíríà ti sá, èyí tí a ti ṣe ipò kẹta ni n ó dárúkọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1996, ní ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, Ìyáàfin Falilat Ògúnkọ̀yà, ọmọ ilẹ̀ Rẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, sá irinwó mítà ní àṣekágbá Òlíḿpíìkì láàárín ìṣẹ́jú àáyá 49.10. Marie-José Pérec ti ilẹ̀ Faransé àti Cathy Freeman ti Ọsirélíà nìkan ni ó ṣáájú wọn. Kí ọjọ́ náà tó dé, kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ó dá nìkan gba àmì-ẹ̀yẹ nínú eré sísá Òlíḿpíìkì. Inú eré rílè, níbi tí ẹni mẹ́rin ti ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara wọn, ni a ti ń rí i.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Freeman gba wúrà ní Sydney, 49.11 ni ó sì sá. Láti Sydney títí dé Rio ní ọdún 2016, ìgbà márùn-ún ni wọ́n fi wúrà Òlíḿpíìkì lọ́lẹ̀ fún àwọn obìnrin nínú irinwó mítà, kò sì sí ẹyọ ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbà á tí eré rẹ̀ yá tó ti Ògúnkọ̀yà ní Atlanta. Ó ju ogún ọdún lọ tí obìnrin ilẹ̀ Áfíríkà kankan kò fi lè sá a ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Igba mítà ni Ògúnkọ̀yà kọ́kọ́ fi gbajúmọ̀, nígbà tí wọ́n gba wúrà nínú ìdíje àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ ní Athens ní ọdún 1986. Wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Mississippi State, wọ́n sì tún gba ipò kìíní nínú irinwó mítà fún ilẹ̀ Áfíríkà ní ìdíje World Cup ti eré sísá ní Johannesburg ní ọdún 1998.

Síbẹ̀, èrò mi ni pé ọlá tí a bù fún wọn kò tó. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1996, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù wa na Ajẹntínà ní àṣekágbá bọ́ọ̀lù Òlíḿpíìkì, ni Bísí Afọlábí, Fatima Yusuf, Charity Opara àti Falilat Ògúnkọ̀yà gba fàdákà nínú rílè irinwó mítà. 3:21.04 ni wọ́n sá, 3:20.91 ni ti Amẹ́ríkà. Orúkọ Kanu àti Amuneke ni gbogbo àdúgbò wa ń pariwo. Ilé wa náà ń pariwo wọn, títí bàbá mi fi yí rédíò sókè, tí wọ́n ní kí á dákẹ́, tí wọ́n sì pe orúkọ àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan.