Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún Oṣù Kẹjọ ní Abúlé Ọkọ Mi

Àbúrò mi rí fọ́tò tí mo gbé sórí WhatsApp: èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ wa méjèèjì àti ìyá ọkọ mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì Orthodox abúlé wọn, lórí òkè Arkadia nílẹ̀ Gíríìsì. Ó fèsì lójú ẹsẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ wà láyé o! Ẹ wo wúrà lára ògiri. Gbogbo ẹbí ń sìn pọ̀, kò sí ooru, kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Ẹ ti débi ìsinmi." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ èsì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á rẹ́.

Ti ilé, kí ni mo fẹ́ máa rò fún Yorùbá? Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni mí, Iléṣà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ẹ mọ agogo àárọ̀ Sunday, ẹ mọ Ìwé Orin tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ẹ mọ bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń jó gbé ọrẹ lọ síwájú lọ́jọ́ ìkórè. Bí o bá pẹ́ dé tí àdúrà ń lọ lọ́wọ́, ẹnu ọ̀nà lo máa dúró sí títí wọ́n á fi ṣe àmín.

Níbí, kò sẹ́ni tó ń dá ẹnikẹ́ni dúró. Láàárọ̀ kùtù ni akọrin á ti máa ké orin, àwọn èèyàn á sì máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wàá sọ owó ẹyọ sínú àpótí, wàá mú àbẹ́là tín-ín-rín kan, wàá tàn án, wàá gún un mọ́ inú iyanrìn, wàá fi ẹnu ko àwòrán mímọ́, wàá lọ dúró. Àwọn obìnrin àgbà ṣì ń dúró lápá òsì, àwọn ọkùnrin lápá ọ̀tún. Kò sí dùùrù, kò sí ìlù, ohùn èèyàn lásán ni. Gíríìkì àtijọ́ ni wọ́n fi ń sìn, àwọn onílé fúnra wọn kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ohun àkọ́kọ́ tí etí mi mú ni "Kyrie eleison" tí wọ́n ń tún pè ṣáá. "Olúwa, ṣàánú fún wa" tiwa náà ni. Omi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ yẹn.

Kypseli là ń gbé ní Athens. Gbogbo ọdún, bó bá ti di 14 oṣù Kẹjọ, ọkọ mi á wa ọkọ̀, ó di òkè. Ọdún Panagia, ìyá Jésù, ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ààwẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì. Wọn kì í pè é ní ikú rẹ̀. Oorun rẹ̀ ni wọ́n ń pè é, bí àwa náà ṣe ń sọ pé àgbàlagbà sùn nínú Olúwa. Abúlé tí èéfín ilé díẹ̀ péré ń rú nínú rẹ̀ nígbà òtútù á wá kún. Àwọn tó wà ní Athens, ní Amẹ́ríkà, ní Ọsirélíà á padà wá, bí a ṣe ń dà wálé fún ọdún Kérésì.

Wọn ò kórìíra mi níbẹ̀, kí àbúrò mi má ṣì mí gbọ́. "Nífi" ni gbogbo abúlé ń pè mí, orúkọ tí wọ́n ń pe ìyàwó ọ̀ṣìngín ni, òun náà ni wọ́n ń pe ìyàwó ilé títí tó fi hewú. Yorùbá wo ni kò ní mọ ìyẹn? Àwọn bàbá tó ń mu kọfí lábẹ́ igi, bí wọ́n bá ti rí mi, "Antetokounmpo!" ni, orúkọ gbajúmọ̀ agbá-basketball ọmọ Gíríìsì tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Mo máa ń jókòó ṣàlàyé fún wọn pé Adétòkunbọ̀ ni orúkọ yẹn, pé lẹ́tà méjì ni Gíríìkì fi ń kọ d ló fi dà bẹ́ẹ̀, àti pé adé tó ti òkè òkun bọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ìtumọ̀ yẹn.

Ibi tó ń dùn mí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nínú ìsìn náà. Àlùfáà á gbé ife jáde láti ẹ̀yìn ògiri àwòrán tó bo pẹpẹ. Àkàrà àti wáìnì Ìdàpọ̀ Mímọ́ wà pọ̀ nínú rẹ̀, ṣíbí ló fi ń fún wọn. Ẹnì kan á tẹ́ aṣọ pupa sábẹ́ àgbọ̀n wọn kí ó má baà kán sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi á di àwọn ọmọ mi lọ́wọ́ mú. Láti ìgbà tí wọ́n ti rì wọ́n bọ omi lẹ́ẹ̀mẹta ní ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ti ń gbà á. Ọkọ mi á tẹ̀ lé wọn. Èmi á súnra sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó.

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ìjọ wọn kò lè gbà á. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó fẹ́ ọkọ mi, kò sẹ́ni tó tàn mí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe rí, kí ọmọ tó ti inú ẹni jáde máa lọ síbi oúnjẹ, kí ìyá rẹ̀ máa wò ó láti ẹ̀yìn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí gan-an ni wọ́n ti so wá pọ̀. Ìwé ìrìbọmi mi ni wọ́n béèrè, ìyá mi sì fi í ránṣẹ́ láti Iléṣà. Nígbà tí wọ́n rí i pé ní orúkọ Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ni, wọ́n gbà. Wọ́n dé adé ìgbéyàwó lé àwa méjèèjì lórí, rìbọ́n kan ló so adé méjèèjì pọ̀. Adé yẹn ṣì wà lára ògiri yàrá wa.

Wọ́n ní kí n wá gba òróró, kí n di ọmọ ìjọ, kó parí. Mi ò lè ṣe é. Ìyá mi ló gbé mi lọ síbi omi ìrìbọmi, mi ò fẹ́ kó gbọ́ lọ́jọ́ ogbó rẹ̀ pé ó ku nǹkan kan tí kò ṣe fún mi. Ní Athens, mo máa ń lọ sí St Paul's ti àwọn Áńgílíkà, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1843. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, mo sì ń gba Ìdàpọ̀ níbẹ̀. Èmi nìkan ni.

Àbúrò mi ní kí n kúkú máa bọ̀ nílé. Ṣé ó ti gbàgbé? A wá ní 2019. Nígbà tí mo dìde lọ síbi pẹpẹ, ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó fọwọ́ lérí orókún, torí ìjọ tirẹ̀ náà kò fún un láyè. Ìyá mi rọra bi mí pé, "Ṣé inú ń bí ọkọ ẹ ni?" Níbikíbi tá a bá wà, ẹnì kan nínú wa ló máa jókòó. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo yàn kó jẹ́ èmi, níbi tí ìyá ọkọ mi wà.

Obìnrin yẹn ló jẹ́ kí n lè dúró. Lọ́dún tí bàbá mi kú, ó tan àbẹ́là kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó béèrè orúkọ bàbá mi, ó pè é bí ẹnu rẹ̀ ṣe lè pè é. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n máa ń pín àkàrà tí wọ́n súre sí, èyí tí àlejò náà lè gbà. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi ò mọ̀, mo jókòó. Ó wá bá mi, ó bu tirẹ̀ sí méjì, ó fi ìdajì há mi lọ́wọ́, kò sọ nǹkan kan.

Lọ́dún yìí, ó ti ń sá díẹ̀ lára àkàrà yẹn gbẹ látìgbà díẹ̀. Ó dì wọ́n sínú àpò kékeré, ó ní kí n máa jẹ ẹyọ kan láàárọ̀ kí n tó fi nǹkan mìíràn kan ẹnu. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mẹ́rin ló kù níbẹ̀.