Ẹ mú fáìlì kan dání lọ sí sẹ́mínà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú iṣẹ́ ètò ìlú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ètò ìlú, àti ẹ̀yin tí ẹ ń mójú tó ìdàgbàsókè ọrọ̀-ajé ní ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ní ìpínlẹ̀, ẹ mọ bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún ṣe ń rí. Wọ́n á pín báàgì àti bírò, wọ́n á pín tíì àti míìtìpáì, nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́ kálukú á gba sáìtífíkéètì, ó parí. Ìwé náà ní iṣẹ́ tó ń ṣe o. NITP, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ètò ìlú Nàìjíríà, àti àjọ TOPREC, tí òfin dá sílẹ̀ ní 1988 láti máa forúkọ àwọn onímọ̀ ètò ìlú sílẹ̀, kò fẹ́ kí ẹni tó ń tẹ òǹtẹ̀ sórí ìwé máa fi ìmọ̀ àtijọ́ ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn wa tó ní AICP, ìwé ẹ̀rí onímọ̀ ètò ìlú ní Amẹ́ríkà, gbọ́dọ̀ kó kírẹ́díìtì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 32 jọ láàárín ọdún méjì, ti òfin àti ti ìwà ọmọlúàbí lẹ́nu iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Wákàtí ni gbogbo ìyẹn ń kà. Lójú tèmi, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá yí nǹkankan padà nínú fáìlì tó wà lórí tábìlì yín, míìtìpáì lẹ lọ jẹ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn àbúrò mi nínú iṣẹ́ yìí pé kí wọ́n mú fáìlì kan dání. Kó jẹ́ èyí tó ń fún yín ní wàhálà lọ́wọ́lọ́wọ́, kó má sì tóbi jù: layout (ètò pípín ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì àti ọ̀nà) tí kò ju 20 hẹ́kítà lọ ti tó. Ẹ yọ orúkọ àwọn onílẹ̀ kúrò. Ẹ fi ẹ̀dà sọ́fè (ìwé tí awọnlẹ̀ fi wọn ilẹ̀) sí i, àwòrán layout náà, fọ́tò ojú ọ̀nà àti gọ́tà, àti ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹ kọ sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ìbéèrè bá ti ju ẹyọ kan lọ, olùkọ́ á mú èyí tó rọrùn jù dáhùn.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni àwòrán ilẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilẹ̀, ọjọ́ méjì sì tó fún ẹni tó bá fara balẹ̀ láti mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń fò ni pé orí Minna (ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ ti Nàìjíríà) ni wọ́n wọn púpọ̀ nínú àwọn sọ́fè wa sí, nígbà tó jẹ́ pé WGS 84 (ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ti gbogbo àgbáyé) ni GPS inú fóònù àti àwòrán sátẹ́láìtì ń lò. Bí ẹ bá tẹ Easting àti Northing (nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà) inú sọ́fè sínú QGIS, tí ẹ wá mú 32631, nọ́ńbà WGS 84, níbi tó yẹ kí ẹ ti mú 26331, nọ́ńbà Minna, ilẹ̀ náà á ṣí kúrò ní àyè rẹ̀ ní ohun tó ju 100 mítà lọ. Kò ní lọ bọ́ sínú òkun kí ẹ lè tètè fura. Àdúgbò kan náà ló máa wà, á kàn gorí ilẹ̀ ẹlòmíì, tàbí kó kúrò lẹ́bàá odò tó yẹ kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé zone 31 (ìpín kan lórí máàpù) ni àwọn nọ́ńbà yẹn wà fún, ibẹ̀ sì ni Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́ wà. Lọ́kọ́ja àti Àbújá ti bọ́ sí zone 32.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò nìyí. Ẹ wá òpó awọnlẹ̀ kan tó ṣì hàn lórí ilẹ̀ náà, ẹ dúró tì í pẹ̀lú fóònù, ẹ jẹ́ kí GPS fara balẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tó bá gbé jáde wé ti QGIS. Bí wọ́n bá fi mítà márùn-ún tàbí mẹ́wàá jìnnà síra, fóònù ló fà á, kò sí ìjà. Bó bá ti ju 100 lọ, ẹ padà lọ wo Minna. Ẹ gbé sọ́fè tiyín lọ fún olùkọ́, kí ó ṣe é lójú yín. Ẹ má gbà kó fi ilẹ̀ òkèèrè tó ti wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣàpẹẹrẹ. Ti ọ̀hún kì í ní Minna nínú.

Ìṣirò ni èyí tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni èmi fẹ́ kí onímọ̀ ètò ìlú àti onímọ̀ ọrọ̀-ajé jókòó sí kíláàsì kan náà. Hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 mítà onígun mẹ́rin. Pulọ́ọ̀tì mítà 18 sí 36 jẹ́ 648. Mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ á pín in, wọ́n á rí pulọ́ọ̀tì 15. Bí ọ̀nà, gọ́tà, ilé ìwé àti ààyè gbangba bá kó ìdá 35 nínú 100, ó ku 6,500, pulọ́ọ̀tì ti di 10. Márùn-ún tó lọ yẹn ni gbogbo ìjà. Ẹni tó bá mọ iye tí pulọ́ọ̀tì tó ní ọ̀nà gidi ń lọ ládùúgbò náà, tó sì lè kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n ń ta èyí tí mọ́tò ò lè wọ̀, òun ló lè bá wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ń ta 15 tí kò lójú ọ̀nà ní mílíọ̀nù méjì méjì, ọgbọ̀n mílíọ̀nù nìyẹn. 10 tó bá ń lọ ní mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ ti jẹ́ márùndínlógójì. Ẹ fi iye gidi tẹ́ ẹ bá bá lọ́jà rọ́pò tèmi, kí ẹ sì yọ owó tí wọ́n máa fi ṣe ọ̀nà.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àǹfààní ọjọ́ iwájú tan yín jẹ. Mílíọ̀nù 100 náírà tí ọjà tuntun kan máa mú wọlé lọ́dún karùn-ún, bí ẹ bá fi ìdá 20 nínú 100 lọ́dún dá a padà sí owó òní, ìyẹn kí ẹ fi 1.2 pín in lẹ́ẹ̀marùn-ún, nǹkan bíi mílíọ̀nù 40 ni lónìí. Bákan náà ni iye iṣẹ́. Wọ́n á ní ìsọ̀ 600, iṣẹ́ 600. Bí 450 nínú wọn bá ti ń tajà ní ibi kan náà tẹ́lẹ̀, tí 60 sì kó wá láti ọjà kejì, 90 ló kù.

Ní ti iye èèyàn, 2006 ni ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá fi 3.2 nínú 100 sún ìlú tó ní 40,000 nígbà náà síwájú fún ogún ọdún, ẹ ó rí nǹkan bíi 75,000. Fún Mówè tàbí Ìbàfò, tí àwọn ará Èkó ń ya wọ̀, irú ìṣirò yẹn ò wúlò. Ẹ ka òrùlé. Google Open Buildings gbé àwòrán ilé ilẹ̀ Áfíríkà síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ yọ àwọn tó kéré jù bí ìsọ̀ àti ilé ìyàgbẹ́, kí ẹ kan ilẹ̀kùn ilé 50 ní oríṣiríṣi òpópónà, kí ẹ béèrè iye ẹni tó ń sùn níbẹ̀. Ilé oníyàrá mẹ́wàá tí àwọn ayálégbé kún inú rẹ̀ àti ilé olówó kan lè ní òrùlé tó fẹ̀ bákan náà, nítorí náà ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó wá ìpíndọ́gba iye ẹni nínú ilé, èyí tí ẹ máa fi sọ iye òrùlé di ìlọ́po.

Òfin kò gba àlàyé gígùn. Ní 2003, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá a pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú wà, àyàfi lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Olùkọ́ tó bá ń ka òfin ètò ìlú ti ìjọba àpapọ̀ ní 1992 nìkan fún òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ Èkó, tó ní òfin tirẹ̀ láti 2010, ẹ na ọwọ́ sókè kí ẹ bi í.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n fún àwọn tó ṣe é lọ́dún tó kọjá. Bí kò bá sí, ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ rà. Fún kọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà, èèyàn 20 ti pọ̀ tó fún olùkọ́ kan, kí jẹnẹrétọ̀ sì wà. Ẹ ti gba àwòrán sátẹ́láìtì sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yín láti ilé. Íntánẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngàn ìpàdé kì í gbé e.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ bá dé, ẹ tún fáìlì náà ṣe, kí ẹ kọ ojú ìwé kan sí i: ọjọ́, wákàtí, ohun tó yí padà àti ìdí rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà sáìtífíkéètì mọ́ ọn. Ẹ tọ́jú ojúlówó sílé, torí pé ọ́fíìsì máa ń sọ nǹkan nù.