Kí Ẹ Tó San Owó Òtẹ́ẹ̀lì, Ẹ Béèrè Iye Gbogbo Ẹ̀ Lápapọ̀

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ nítorí àyájọ́ ìgbéyàwó yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ pọ̀. Ẹ ti wo àwòrán òtẹ́ẹ̀lì yẹn lórí fóònù títí ó fi sú àwọn ọmọ yín, ẹ ti ṣírò owó yàrá, ẹ sì ti sọ fún ara yín pé lọ́dún yìí, ẹ ò ní se ìrẹsì fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin méjèèjì lẹ fẹ́ lọ jayé orí yín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi àti ọkọ mi, Bàbá Ìbejì, náà ṣe nìyẹn, inú mi sì dùn pé a lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí níwájú tábìlì tí wọ́n ti ń gba àlejò, mi ò fẹ́ kí ojú tọkọtaya mìíràn rí i. Mo ń kọ ọ́ báyìí tó ṣì ń dùn mí, torí tí mo bá jẹ́ kó tutù, màá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Aránṣọ ni mí n'Íbàdàn. Tíṣà Jọ́gíráfì lọkọ mi ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà ìjọba. Ọdún 20 la pé. Èmi dá àjọ, òun náà yọ tiẹ̀ nínú kọ́pùrétíìfù àwọn tíṣà. A ò yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fi ṣètò ẹ̀. Mo ní láti sọ ọ́ ketekete, torí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kan ti ń sọ kiri pé gbèsè la fi ṣe fàájì.

Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Victoria Island, l'Ékòó, la yàn. Mi ò ní dárúkọ wọn. Mo pè wọ́n, mo béèrè iye tí yàrá jẹ́ fún òru kan, wọ́n ní ₦180,000. Wọ́n tún fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ₦180,000++. Mo rí àmì méjì yẹn níwájú ẹ̀, mo sì béèrè pé kí lèyí. Ẹni tó kọ ọ́ fi àwòrán ẹ̀rín dá mi lóhùn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ pé mi ò béèrè, mo béèrè o. Òru méjì, ₦360,000, a san án sílẹ̀. A wá fi ₦250,000 sínú àkáǹtì Bàbá Ìbejì fún oúnjẹ àti ìgbádùn.

Ọkọ̀ ojú irin la wọ̀ ní Móníyà, a sì sọ̀ ní Alágómèjì. Kìlómítà 157 ni ojú irin yẹn, ọkọ mi sì fi gbogbo rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tíṣà: òkè báyìí, odò báyìí, Abẹ́òkúta nìyí. Mo ń rẹ́rìn-ín. Àǹkárá kan náà la wọ̀, èmi ni mo rán an, ó sì mọ́ ọn lára dáadáa.

Ọmọbìnrin tó gbà wá lálejò ṣe dáadáa. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ káàbọ̀ sà, ẹ kú àyájọ́." Ó tẹ kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ó ní ó ku ₦181,000.

Ọkọ mi ní, "Ó ku èló?"

Ó ní, "Service charge 10%, sà, VAT 7.5%, ti ìjọba Èkó 5%. ₦81,000 nìyẹn. ₦100,000 tó kù, owó kọ́ṣọ̀n ni. Tí ẹ bá ń lọ, tí ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́, a máa dá a padà."

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ fún ìyàwó mi pé ₦180,000 ni."

Ó ní, "Plus plus ni, sà." Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń bú wa ni.

Bàbá Ìbejì ò jà. Kì í jà. Ó fa káàdì ATM yọ. POS ń yí, ń yí, ó wá kọ ọ́ síta pé "Issuer or Switch Inoperative". Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Nàìjíríà, mi ò ní túmọ̀ ìyẹn fún yín. Wọ́n tún fi káàdì sí i. Ẹ̀rọ náà pọ bébà kékeré kan jáde pé "Declined", ìṣẹ́jú kan náà ni fóònù ọkọ mi dún. Álàátì. Wọ́n ti yọ ₦181,000. Owó ti kúrò lọ́dọ̀ wa, kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn kan ti wà lẹ́yìn wa nígbà yẹn, ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí òórùn lọ́fínńdà wọn ti ṣíwájú wọn dé. Ọmọbìnrin yẹn wá rẹ ohùn sílẹ̀, ìyẹn ló tún dá kún un. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ lọ jókòó sí ọ̀hún ná, kí n fi dá wọn lóhùn." A lọ jókòó. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, òógùn ń bọ́ lójú ọkọ mi. Ó pe báǹkì, wọ́n fi orin sí i létí. Ó tún pè, orin kan náà. Ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ kan tó wọ kóòtù kọjá, ó wo báàgì wa, ó wo bàtà mi, ó tún yí padà gba iwájú wa kọjá. Bóyá kò ní nǹkan kan lọ́kàn. Èmi gbà pé ó ní.

Owó wà nínú àkáǹtì tèmi, ṣùgbọ́n owó aṣọ ẹbí oníbàárà ni, mo sì ti sọ fún ara mi láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ pé mi ò ní fọwọ́ kan irú ẹ̀. Kódà tí mo bá fẹ́ ẹ, app báǹkì mi kò ṣí, USSD kì í sì í jẹ́ kí èèyàn fi ju ₦100,000 ránṣẹ́ lójúmọ́. Mo ń ro gbogbo èyí lórí àga olówó ńlá yẹn nígbà tí Bàbá Ìbejì tẹrí ba, tó ní, "Ìyá Ìbejì, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi dé eegun. Ọkùnrin tó ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti ìgbà tí ìjọba ń jẹ wọ́n lówó oṣù. Ọkùnrin tó ń fi ẹsẹ̀ rìn kí n lè rí owó ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó ní kí wọ́n ṣe òun bí ọ̀gá, wọ́n ní kó lọ jókòó sí ọ̀hún ná. Mo ní, "A ò lọ síbì kankan. Ẹ bá mi mú báàgì dání dáadáa."

Mo pe àbúrò mi n'Ílọrin, ó fi owó ránṣẹ́, wọ́n fún wa ní káàdì tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn, a gòkè. Báǹkì dá owó tí wọ́n yọ padà ká tó kúrò l'Ékòó, mo sì fi san fún àbúrò mi lójú ẹsẹ̀. Ó parí.

Ẹ wá gbọ́ o. Ẹ má béèrè "Èló ni yàrá?" Ẹ béèrè báyìí: "Láti ìgbà tí mo bá wọlé títí mo fi máa jáde, èló ni màá san lápapọ̀, tòun ti owó orí, service charge àti kọ́ṣọ̀n?" Kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́. Tí ẹ bá rí ++ yẹn, ẹ mọ̀ pé owó orí àti service charge ṣì máa gorí iye tí wọ́n kọ, pé ₦100,000 lè di ₦122,500 l'Ékòó, kọ́ṣọ̀n ò tíì sí níbẹ̀. Tí oníbàárà bá gbé aṣọ wá, tí mo ní owó rírán jẹ́ ₦15,000, tó wá gbà á lọ́jọ́ òde kí n sọ pé síípù lọ́tọ̀, láínìn lọ́tọ̀, òwú lọ́tọ̀, ṣé kò ní pariwo mi gba gbogbo àdúgbò? Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 pàápàá kò fẹ́ kí wọ́n gbà ju iye tí wọ́n fi hàn wá lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ka òfin níwájú tábìlì yẹn, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́? Ẹ béèrè láti ilé.

Ẹ pín owó yín sí báǹkì méjì, ó kéré tán. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ṣe bí a bá kó owó dání, kò ní ṣẹlẹ̀. Ta ló ń gbé irú owó bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin? Tí a bá sì ti mọ iye gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, ilé la ti máa san án, a ò ní nílò POS wọn rárá. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Fíríìjì kékeré tó wà nínú yàrá ńkọ́? Omi méjì tó wà lórí tábìlì, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tó wà nínú fíríìjì, owó ni, inú kọ́ṣọ̀n yín ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Aṣọ fífọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ìyẹn náà mọ́ ọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jayé. Ẹ má jẹ́ kí ìnira àárọ̀ jẹ ìgbádùn alẹ́ run, ẹ ti sanwó. Mo dùbúlẹ̀ sínú ọpọ́n ìwẹ̀ wọn yẹn títí omi fi tutù, mo tún da gbígbóná sí i. Láti ojú fèrèsé, ọkọ mi fi ibi tí Bar Beach wà hàn mí, ibi tí òun ti ra àgbàdo sísun fún mi ká tó ṣègbéyàwó. Wọ́n ti da yanrìn sí òkun níbẹ̀, Eko Atlantic ni wọ́n ń pè é báyìí. Láàárọ̀, oúnjẹ òyìnbó pọ̀ lọ jàra, Bàbá Ìbejì ń pààrà iṣu àti ẹyin. Mi ò bá a wí, ó wà nínú owó yàrá. Ibi tó wù mí jù kò tilẹ̀ ná wa ní kọ́bọ̀: Nike Art Gallery ní Lẹ́kí, ilé alájà tó kún fún àwòrán àti àdìrẹ, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ ọ́. Mo dúró ti àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí ọkọ mi fi ní ṣé mo fẹ́ sùn síbẹ̀ ni.

Kọ́ṣọ̀n yẹn, wọn ò fún wa lọ́wọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí a ń lọ. Wọ́n ní inú àkáǹtì ni yóò wọlé. Ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí kí ẹ tó dá káàdì ìlẹ̀kùn padà, kí ẹ sì ya àwòrán ẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń pè wọ́n kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó wọlé lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, ₦100,000 pé pérépéré, mo sì gbé e fún alájọ mi lọ́jọ́ náà. Bàbá Ìbejì ní Ìkògòsì ló kàn, òun fẹ́ fi ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé hàn mí. Mo ní kò burú, òun ni kó pè wọ́n.