Táyà yìnyín kò yẹ títì Àjàṣẹ́

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ wo táyà lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń ta àlòkù ní Ouando, nílùú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ó kí mi dáadáa: "Tántì, ẹ káàárọ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!" Ó yí táyà kan sọ́dọ̀ mi, ó ti ìka bọ ojú rẹ̀, ó ní kí n wo bó ṣe jìn tó. Lóòótọ́, ó jìn. Táyà náà dúdú mìnìmìnì, kò sán níbì kankan, 15,000 fáràǹkì lẹ́yọ kan. Ẹni tó bá ń kánjú á sanwó lójú ẹsẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi etí aṣọ nu eruku ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ń wá wà níbẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ: àwòrán òkè onísóńsó mẹ́ta, tí ẹ̀kán yìnyín ẹlẹ́nu mẹ́fà wà láàárín rẹ̀. Mo ní, "Àbúrò, táyà yìnyín nìyí." Ó ní, "Yìnyín wo, Tántì? Táyà Yúróòpù ni, ojúlówó ni."

Kò parọ́. Ojúlówó ni, mo sì mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ bí ojúlówó.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń gbé ní Grenoble, ìlú tí òkè yí ká ní ilẹ̀ Faransé. Ó ní Mazda MX-5 kan, ọkọ̀ asáré tí kò gbà ju èèyàn méjì lọ, tó rẹlẹ̀ débi pé téèyàn bá jókòó sínú rẹ̀, á dà bíi pé ìdí rẹ̀ ń wọ́ ilẹ̀. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló sì ń tì í lọ. Nígbà tí mo lọ kí i nínú oṣù Kìíní, mo rò pé á ti fi aṣọ bò ó títí òtútù á fi lọ. Ó ní rárá, òun náà ló máa gbé wa gun Chamrousse lọ́jọ́ kejì, òkè tí wọ́n ti figagbága lórí yìnyín nígbà ìdíje Olympics ọdún 1968.

Kì í ṣe yìnyín tiwa nílé, èyí tó ń bá òjò wá tó ń lu páànù, ni mò ń sọ o. Tibẹ̀ ń rọra balẹ̀ bí òwú àràbà ni, kò pariwo rárá, kó o tó mọ̀, ó ti bo títì mọ́lẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó mú mi lọ síbi tó ń gbé ọkọ̀ sí, ó fi ohun tó ti ṣe láti oṣù Kọkànlá hàn mí. Ó ti bọ́ táyà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọkọ̀ náà ń lò, 205/45 lórí rímù 17, ó sì fi 195/50 lórí rímù 16, tó tín-ín-rín jù ú lọ, rọ́pò rẹ̀. Mo bi í pé ṣé kì í ṣe èyí tó fẹ̀ ló yẹ kó di ilẹ̀ mú jù ni. Ó ní lórí ọ̀dà gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ lórí yìnyín, táyà tó fẹ̀ máa ń léfòó, èyí tó tín-ín-rín ló ń gé e wọlẹ̀. Ó ní kí n fi èékánná tẹ táyà méjèèjì. Ti ẹ̀ẹ̀rùn ti gan bí igi. Ti yìnyín ṣì rọ̀, wọ́n sì ti sín gbogbo ojú rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí gbẹ́rẹ́. Inú ojú gbẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn àti inú àwọn kòtò rẹ̀ ni yìnyín ń há sí, yìnyín tó há síbẹ̀ ló sì ń di yìnyín ilẹ̀ mú.

Ìwọ̀n 7 °C ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ààlà. Bí ojú ọjọ́ bá ti tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, rọ́bà táyà ẹ̀ẹ̀rùn á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ti ọkọ̀ asáré tilẹ̀ lè sán nínú òtútù líle, àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn máa ń kìlọ̀ rẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ̀gbọ́n mi pààrọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀. Ó ní bí ẹ̀yìn nìkan bá di ilẹ̀ mú, iwájú ò ní gbọ́ ti sítíárì mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tá a kọjá Uriage tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ejò, ó dúró, ó ní kí n bọ́ sídìí ọkọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń wakọ̀ láàárín Àjàṣẹ́ àti Kétu, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi gbọ̀n. Ó ní jíà kejì ni kí n fi gbéra, kí n tẹ iná bí ẹni tẹ ẹyin. Mò ń gbọ́ yìnyín lábẹ́ táyà, bí ìgbà téèyàn bá ń tẹ gàrí gbígbẹ mọ́lẹ̀. Ní kọ́nà kẹta, iná tí mo tẹ̀ pọ̀ jù, ìdí ọkọ̀ sì yà bàrà sápá ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo. Ó ní, "Má tẹ búrékì. Gbẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó o fẹ́ lọ ni kó o máa wò." Mo wò ó, ọwọ́ mi tẹ̀ lé ojú mi, ọkọ̀ sì padà sójú ọ̀nà. Títí dòní, bí mo bá rántí bí táyà wọ̀nyẹn ṣe padà gbá ilẹ̀ mú lábẹ́ mi, orí mi máa ń wú.

Ohun tó ń dùn mí ni pé mo padà wálé, mo ra táyà àlòkù mẹ́rin fún Corolla mi, n ò sì wo ẹ̀gbẹ́ wọn. Nínú oṣù Kẹta, lọ́nà Pobẹ, oòrùn ń ta gan-an, mo rí i pé ọkọ̀ kò dúró lójú kan. Bí mo bá yí sítíárì, á kọ́kọ́ rọ̀ kó tó dáhùn. Òjò kan ṣàdédé rọ̀. Ẹni tó gun alùpùpù níwájú mi dúró lójijì, ọmọ kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo tẹ búrékì, ọkọ̀ ń lọ. Ó ń lọ ṣáá. Nígbà tó dúró, àyè tó kù láàárín wa kò ju apá kan lọ. Ọmọ náà yíjú padà, ó wò mí.

Bàbá kan tó ń lẹ táyà ní Kétu ló fi àmì òkè yẹn hàn mí lọ́jọ́ náà. Ojú táyà tí n ò tíì lò tó oṣù mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán. Rọ́bà tí wọ́n pò kó lè rọ̀ nínú òtútù, kí ló máa ṣe lórí ọ̀dà tó lè gbóná kọjá 50 °C lọ́sàn-án? Á rọ̀ jù, ojú rẹ̀ tí wọ́n sín wẹ́wẹ́ á máa yẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọkọ̀ á sì rìn jìnnà kó tó dúró, ì báà jẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ tàbí nínú òjò. Kò sì sí bí ojú rẹ̀ ṣe lè jìn tó tó máa yí ìyẹn padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa nu ẹ̀gbẹ́ táyà kẹ́ ẹ tó sanwó. Àmì òkè yẹn ni kẹ́ ẹ wá. M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín) nìkan kò tó láti fi dájọ́, torí ó wà lára ọ̀pọ̀ táyà jíìpù tí kì í ṣe ti òtútù. Kódà ní ilẹ̀ Faransé, láti oṣù Kọkànlá ọdún 2024, òfin tó ní káwọn tó ń gba ọ̀nà òkè lo táyà yìnyín kò ka M+S nìkan sí mọ́. Kẹ́ ẹ sì wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn àmì DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, òun ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 3517 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2017.

Ọmọkùnrin Ouando yẹn gbọ́ ìtàn mi dópin, kò dá mi lẹ́nu. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, èmi àtòun jọ yẹ gbogbo òkìtì náà wò. Mọ́kànlá ló ní àmì òkè. Mo ra mẹ́rin tí kò ní in, 18,000 fáràǹkì lẹ́yọ kan. Ó bi mí pé kí wá ni kóun ṣe sí mọ́kànlá yìí, owó òun mà ló wà níbẹ̀. Mo ní àwọn tó ń fi ọmọlanke kó yanrìn lè rà á, wọn kì í sáré. Ó ronú díẹ̀, ó wọlé lọ mú ẹfun wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ NEIGE, ìyẹn yìnyín lédè Faransé, gàdàgbà sára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.