Ooru kọ́ ló sè é

"Ooru ìtànṣán yẹn ló sè é." Láti àárọ̀ ni gbólóhùn yẹn ti ń yí lọ́kàn mi. Ẹni tó sọ ọ́ jù mí lọ dáadáa, n kò lè já a gbà lẹ́nu wọn. Albumin, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n pò mọ́ omi, tí wọ́n sì gbé síwájú ìtànṣán. Nígbà tí wọ́n dojú ìgò ẹ̀ dé, kò ṣàn. Ó lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò, ó kàn ń gbọ̀n.

Ìpàdé, ìgò fífọ̀, ọjọ́ lọ.

Ooru kẹ̀? 10 kGy (ìwọ̀n ìtànṣán tó wọ inú nǹkan) jẹ́ 10,000 joule fún kílò omi kan. Kò lè fi ju nǹkan bí 2.4 °C kún ooru omi náà. Omi tó wà ní 20 kò tíì dé 23. Kí ni ìyẹn fẹ́ sè?

Ẹjọ́ omi ni. Ìtànṣán Cobalt-60 ń fọ́ omi, hydroxyl, èérún omi tó máa ń kọlu nǹkan kíákíá, ń jáde, nǹkan bí 0.28 µmol fún joule kan. Ní 10 kGy, ó di 2.8 mmol nínú lítà kan. Albumin 10 mg/mL kò sì ju nǹkan bí 0.15 mmol lọ. Ẹ pín in: bí hydroxyl 18 fún ẹyọ purotéènì kan! Hydroxyl á kọlu tyrosine, ọ̀kan nínú ẹ̀yà tó para pọ̀ di purotéènì. Tyrosine méjì tó ti di radical (tó ń wá ohun tó máa so mọ́) á so mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni purotéènì ṣe ń so pọ̀ tó fi dì. Ẹ tan ìmọ́lẹ̀ 320 nm sí i, á dá búlúù padà ní nǹkan bí 410. Ẹ fi kẹ́míkà DTT sí i, ìdè sulfur á tú, ti tyrosine á dúró gbọin. Ooru ò lè so irú ìdè yẹn.

Afẹ́fẹ́ ló máa ń ba iṣẹ́ ìsopọ̀ náà jẹ́. Bí ọ́síjìn bá wà níbẹ̀, purotéènì á máa já wẹ́wẹ́ dípò kó so pọ̀. Gáàsì N2O ló ń lé ọ́síjìn náà jáde, ó tún ń sọ hydroxyl di ìlọ́po méjì. Ẹ jẹ́ kó máa fẹ́ lójú omi o, ẹ má tì í bọ inú ẹ̀, yóò hó, fọ́ọ̀mù náà á sì ba purotéènì jẹ́ kí ìtànṣán tó dé. Phosphate ni kí ẹ fi ṣe bọ́fà (ohun tí kì í jẹ́ kí pH omi yí), torí Tris, bọ́fà mìíràn, á gbé hydroxyl mì. Bí purotéènì inú omi bá sì kéré jù, ara ẹ̀ ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan máa so mọ́, kò ní dì.

Àbí mo ti le jù? Purotéènì tí hydroxyl ti lù sábà máa ń tú ní ìwọ̀n ooru tó rẹlẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìgò náà síbi tó móoru lẹ́yìn náà, ooru lè fọwọ́ kún un. H2O2 (hydrogen peroxide) tí ìtànṣán fi sílẹ̀ nínú omi náà kì í sinmi, àfi bí wọ́n bá fi ẹ́ńsáìmù catalase díẹ̀ pa á. Bóyá wọ́n tilẹ̀ fi sí i… n kò béèrè.