Ọ̀nà Tí Kò Dé Clichy-sous-Bois

Ní ọdún 2018, mo lọ kí obìnrin ọmọ Kétu kan tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n, tí ó ń gbé ní Clichy-sous-Bois, ìlú kékeré kan tí kò ju nǹkan bí kìlómítà 15 lọ sí Paris. Mo ṣebí kíá ni n ó dé ibẹ̀, àfi ìgbà tí mo sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, tí mo wọ bọ́ọ̀sì tí ń wọ́ bí ìgbín, tí wákàtí kan ààbọ̀ sì kọjá. Lífítì ilé wọn ti kú tipẹ́, ẹsẹ̀ ni mo fi gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹjọ.

“Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi,” ni ẹ̀gbọ́n wí, bí ó ti ń gbé omi fún mi. “Tìrẹ ṣì sàn. Èmi ń ru àpò ìrẹsì gùn ún.”

Àwọn kan a máa wí pé àwọn àjèjì ló ya ara wọn sọ́tọ̀. Irọ́ ni. Nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn ilé gogoro wọ̀nyí ní àwọn ọdún 1960, wọ́n ní ọ̀nà márosẹ̀ kan yóò gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n wọn kò la ọ̀nà náà rárá. Àwọn tó rọ́wọ́ mú kó lọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Àríwá Áfíríkà, tí onílé ibòmíràn kì í fẹ́ gbà, ló kó wọlé.

Ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n gboyè nínú ìṣirò owó. Ó kọ̀wé wáṣẹ́ títí, ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn, àfi ìgbà tí ó fi àdírẹ́sì ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé inú Paris sí i. Wọ́n pè é. Wọ́n rí ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bá yí padà. Ìjọba Faransé kì í sì béèrè àwọ̀ ara ẹni nígbà ìkànìyàn, nítorí náà irú nǹkan báyìí ṣòro láti fi iye gbè lẹ́sẹ̀.

Ìlú yìí kan náà ni Zyed Benna, ọmọ ọdún 17, àti Bouna Traoré, ọmọ ọdún 15, ti sá fún ọlọ́pàá wọ ọgbà iná mànàmáná ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2005, tí iná sì gbé wọn pa. Rògbòdìyàn gba ilẹ̀ Faransé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mọ́tò tó jóná ni àwọn oníròyìn ń kà.

Oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin tí ń rìn láàárín ìgboro, tó dé Clichy-sous-Bois, ọdún 14 lẹ́yìn ikú àwọn ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n, tí ń jí ní aago mẹ́ta ààbọ̀ òru kí ó lè gbá ọ́fíìsì kí àwọn akọ̀wé tó dé, pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ti ń rí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sùn sí i.